Agbo ilé kan, yàrá púpọ̀: àyẹ̀wò git worktree fún iṣẹ́ nixpkgs

Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lórí nixpkgs, àkójọ gbogbo package tí Nix (irinṣẹ́ tó ń kọ́ sọ́fítíwia, tó sì ń fi í sórí kọ̀ǹpútà) ń lò, kì í sábà ní iṣẹ́ ẹyọ kan lọ́wọ́. Ó ń gbé ẹ̀yà tuntun package kan wọlé. Kò tíì parí, wọ́n ti ní kó wá bá àwọn yẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn wò. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àtúnṣe ààbò kan tún ti délẹ̀ tó gbọ́dọ̀ lọ sí ẹ̀ka (branch) release. Iṣẹ́ mẹ́ta, ẹ̀ka mẹ́ta. Bó bá jẹ́ fódà kan ṣoṣo ló ní, git stash (fífi àtúnṣe tí kò tíì parí pamọ́), git switch (bíbọ́ sí ẹ̀ka mìíràn), git stash pop (mímú ohun tó fi pamọ́ jáde) ni yóò máa ṣe lọ ṣe bọ̀. Ibẹ̀ ni àtúnṣe ti ń sọnù, ibẹ̀ náà ni commit (àtúnṣe tí a ti kọ sínú ìtàn) ti ń bọ́ sórí ẹ̀ka tí kò yẹ ẹ́.

Ohun tí Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn kóòdù, fúnra rẹ̀ pèsè fún wàhálà yìí ni git worktree: repo (ibi ìpamọ́ kóòdù) kan ṣoṣo, fódà iṣẹ́ púpọ̀, kí ẹ̀ka púpọ̀ lè ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wọlé pẹ̀lú Git 2.5 lọ́dún 2015. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì sí ohun tí ẹ máa wá fi sórí kọ̀ǹpútà: bí Git bá ti wà níbẹ̀, òun náà ti wà níbẹ̀. Kí ẹ sáà rí i pé Git yín kò kéré sí 2.17, torí inú ẹ̀yà yẹn ni àṣẹ remove àti move ti dé. Ẹni tó bá fẹ́ lo repair, kó ní 2.29 tàbí èyí tó ga jù ú lọ.

Fún iṣẹ́ nixpkgs, a fún un ní 4 nínú 5. Lójú tiwa, kò sí ọ̀nà mìíràn tó dára tó o. Máàkì kan tí a yọ, torí àwọn nǹkan tí àwọn worktree jọ ń lò láìsọ fún yín ni.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹ fi wé agbo ilé. Kànga kan ló wà láàrin ọgbà, gbogbo yàrá ló sì ń pọnmi níbẹ̀. Fódà .git ni kànga yẹn: gbogbo commit, gbogbo ẹ̀ka, config (ètò repo) àti hooks (àṣẹ tí Git ń ṣe fúnra rẹ̀ bí iṣẹ́ kan bá ṣẹlẹ̀) wà nínú rẹ̀. Worktree kọ̀ọ̀kan ni yàrá: ó ní àwọn fáìlì tirẹ̀, HEAD tirẹ̀ (ibi tó wà lórí ìtàn) àti index tirẹ̀ (àtúnṣe tó ń dúró de commit). Kódà bí ẹ bá ń ṣe git bisect (wíwá commit tó ba nǹkan jẹ́) nínú ọ̀kan, kò kan èyí tó kù. Tí ẹ bá yọjú wo inú worktree tuntun, .git tí ẹ máa bá níbẹ̀ kì í ṣe fódà. Fáìlì kékeré ni, ìlà kan ló wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ gitdir ló fi bẹ̀rẹ̀, ó sì ń tọ́ka sí ibi kan lábẹ́ .git/worktrees nínú repo àkọ́kọ́. Ẹ rántí fáìlì yìí, torí òun ló máa ń fa ìjàǹbá nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ṣí fódà nípò.

Ohun tó mú kí èyí ṣe pàtàkì fún nixpkgs ju fún repo kékeré lọ ni bó ṣe tóbi tó. Ó lé ní 100,000 package, fáìlì tó wà nínú rẹ̀ ju 30,000 lọ, ìtàn rẹ̀ nìkan sì tó GB mélòó kan. Ẹni tó bá clone rẹ̀ (gba ẹ̀dà rẹ̀ odindi) lẹ́ẹ̀mẹta ti san owó dátà lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tó tún burú níbẹ̀ ni pé git clone kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí iṣẹ́ ti dúró: bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já lẹ́yìn tí ó ti gba ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, òfo ni gbogbo rẹ̀, ẹ ó tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Worktree tuntun lórí ẹ̀ka tí ẹ ti fetch (gbà wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì) kò gba dátà rárá. Fáìlì nìkan ló ń tẹ́ sílẹ̀, ìyẹn kò sì ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ lórí SSD.

Bí ẹ ṣe máa tò ó

Ẹ má jẹ́ kí clone àkọ́kọ́ kó gbogbo ẹ̀ka tó wà lórí GitHub. Ẹ̀ka tó wà níbẹ̀ pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì kàn yín. Ẹ gba master nìkan, kí ẹ wá fi èyí tí ẹ nílò kún un:

git clone --origin upstream --single-branch --branch master https://github.com/NixOS/nixpkgs.git
cd nixpkgs
git remote set-branches upstream master staging staging-next nixos-unstable release-25.05
git fetch upstream
git remote add fork git@github.com:ORUKO-YIN/nixpkgs.git

Ẹ fi nọ́ńbà release tó bá ń lọ lọ́wọ́ rọ́pò 25.05. Orúkọ remote (repo tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì) méjì yìí, upstream (ti NixOS gan-an) àti fork (ẹ̀dà tiyín lórí GitHub), kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Bí worktree bá ti tó mẹ́fà tí gbogbo wọn ń lo config kan, ẹni tó pe fork tirẹ̀ ní origin máa ń fetch láti ibẹ̀ láìmọ̀, yóò sì máa kọ́lé lórí master tó ti pẹ́ lóṣù mẹ́ta.

Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín kò bá ṣeé gbára lé, ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́, ẹ fi --filter=blob:none kún àṣẹ clone: gbogbo commit yóò dé, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú fáìlì àtijọ́ kò ní í dé àyàfi ìgbà tí ẹ bá bèèrè rẹ̀. Ó dín ohun tí ẹ máa gbà kù gan-an. Àléébù rẹ̀ ni pé worktree lórí ẹ̀ka mìíràn lè wá máa wá fáìlì lórí íntánẹ́ẹ̀tì lákòókò tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì, git blame náà á sì máa fà á wá díẹ̀díẹ̀. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ti ní i. Kí onítọ̀hún ṣe git bundle create nixpkgs.bundle master, kí ó kó fáìlì náà sórí fíláàṣì, kí ẹ clone láti inú rẹ̀ pẹ̀lú --origin upstream àti -b master, lẹ́yìn náà kí ẹ fi git remote set-url upstream tọ́ka rẹ̀ sí GitHub. Fetch tó bá tẹ̀ lé e, ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà nìkan ló máa gbà. Fíláàṣì tí wọ́n ṣe sí FAT32 kì í gba fáìlì kan tó ju 4GB lọ, nítorí náà exFAT ni kí ẹ lò bí bundle bá tóbi.

Ó kan àwọn worktree fúnra wọn. Ìta repo ni kí ẹ kó wọn sí, kì í ṣe inú rẹ̀. Ẹni tó bá dá worktree sínú repo àkọ́kọ́, git status á máa kà á mọ́ ohun tí kò tíì wọlé, gbogbo ohun tí ẹ bá sì fi grep wá á máa jáde lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta. Àwa a máa ń lo fódà kan tí a pè ní wt ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀:

mkdir ../wt
git worktree add --detach ../wt/staging upstream/staging
git worktree add --detach ../wt/release upstream/release-25.05

Yàrá àgbà nìwọ̀nyí. Wọn kì í kúrò. Àwọn ni ẹ ó máa wọ̀ láti ka kóòdù, láti wo bí package ṣe rí lórí ẹ̀ka yẹn. Ẹ má gbàgbé --detach, tí kì í jẹ́ kí worktree di ẹ̀ka kankan mú. Git kì í jẹ́ kí ẹ̀ka kan ṣí nínú worktree méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá jẹ́ kí ../wt/staging di ẹ̀ka staging mú, ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣí staging níbòmíràn, fatal ni ẹ ó rí, pẹ̀lú ọ̀nà fódà tó dì í mú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ka èyí sí àìdára irinṣẹ́ náà. Àwa kò rò bẹ́ẹ̀, torí bí fódà méjì bá lè ti orí ẹ̀ka kan síwájú, ọ̀kan nínú wọn yóò máa fi fáìlì àtijọ́ hàn yín bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ pa àtúnṣe rẹ́. Láti mú yàrá àgbà bá ìgbà mu, git fetch upstream lẹ́ẹ̀kan tó fún gbogbo wọn, kí ẹ wá ṣe git switch --detach upstream/staging nínú èyí tó kàn.

Yàrá àlejò ni ti iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ kan, ẹ̀ka kan, worktree kan:

git worktree add --no-track -b hello-tuntun ../wt/hello-tuntun upstream/nixos-unstable

Nǹkan méjì ló wà nínú ìlà yìí tí ẹni tuntun máa ń fò. Bí --no-track kò bá sí níbẹ̀, Git á so ẹ̀ka yín mọ́ nixos-unstable fúnra rẹ̀, nígbà tí ẹ bá sì kọ git push lásán, yóò kọ̀ pé orúkọ kò bára mu. Pẹ̀lú rẹ̀, git push -u fork hello-tuntun lẹ́ẹ̀kan, ó tán.

Èkejì ni ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti nixos-unstable, bó tilẹ̀ jẹ́ pé master ni PR yín (pull request, ìbéèrè pé kí wọ́n gba iṣẹ́ yín wọlé) ń lọ. Commit tí nixos-unstable ń tọ́ka sí ti kọjá lọ́wọ́ Hydra, ètò tó ń kọ́ àwọn package fún NixOS, nítorí náà ohun tí package yín gbára lé ti wà ní cache.nixos.org, níbi tí wọ́n ń kó ohun tí wọ́n ti kọ́ sí, gbígbà lẹ ó kàn gbà á. Orí master gan-an ń ṣí ní gbogbo wákàtí. Ohun tó wọlé níṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn lè má tíì sí nínú cache, kọ̀ǹpútà yín á sì wá máa fi gbogbo òru kọ́ ohun tí kì í ṣe iṣẹ́ yín. Inú ìtàn master náà ni commit nixos-unstable ti wá, PR náà kò ní í mú àjèjì commit kankan dání.

Ọ̀rọ̀ staging nílò ìfarabalẹ̀. Àtúnṣe sí ohun tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún package gbára lé, bí glibc tàbí openssl, kì í lọ sí master. Staging ló ń lọ. Ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ pé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí orí master kí ẹ tó mọ bó ṣe gbòòrò tó. Ẹ má kàn yí ibi tí PR ń lọ padà lórí GitHub, ẹ má sì rebase (gbé commit yín) sórí staging tààrà kí ẹ sì push. Bí ọ̀kan bá ṣáájú èkejì lọ́nà tí kò tọ́, GitHub á rí gbogbo commit tó wà láàrin ẹ̀ka méjèèjì bí ẹni pé tiyín ni, yóò sì ránṣẹ́ pe gbogbo ẹni tó ni fáìlì tí wọ́n fọwọ́ kàn. Àìmọye èèyàn ló máa gba lẹ́tà yẹn lọ́jọ́ kan. Àṣẹ tó tọ́, nínú worktree iṣẹ́ náà, nìyí:

git rebase --onto upstream/staging... upstream/master
git push --force-with-lease fork hello-tuntun

Ààmì mẹ́ta tó wà lẹ́yìn staging yẹn ní iṣẹ́ tó ń ṣe: ó ń wá commit tí staging àti ẹ̀ka yín jọ ní ṣáájú kí wọ́n tó pínyà, orí rẹ̀ ni iṣẹ́ yín máa wá jókòó. Torí pé commit náà wà lórí master, ó sì wà lórí staging, kò sí àjèjì tó máa yọjú. Lẹ́yìn tí ẹ bá push tán ni kí ẹ lọ yí ibi tí PR ń lọ padà.

Fún yíyẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn wò, ẹ fetch nọ́ńbà PR náà kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ láìdá ẹ̀ka:

git fetch upstream pull/NONBA/head
git worktree add --detach ../wt/pr FETCH_HEAD

Inú fódà kan náà ni kí ẹ ti ṣe àṣẹ méjèèjì, torí FETCH_HEAD jẹ́ ti worktree kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kọ́ gbogbo package tí PR náà kàn, nixpkgs-review pr pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀ ni kí ẹ lò. Worktree náà ni irinṣẹ́ yẹn ń lò lábẹ́lẹ̀, abẹ́ ~/.cache/nixpkgs-review ló ń kó wọn sí. Bí iná bá lọ tàbí ẹ pa á láàrin iṣẹ́, ó lè fi ìyókù sílẹ̀; git worktree list ló máa fi hàn yín.

Nix nínú worktree

Nínú worktree, nix-build -A hello ń ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú clone lásán. Òun la dábàá. Pẹ̀lú Nix tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò, nix build .#hello máa ń da gbogbo igi fáìlì náà kọ sínú /nix/store kó tó bẹ̀rẹ̀, ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti yí ìlà kan padà. Fáìlì tó lé ní 30,000, fún ìlà kan! Lórí dísìkì tí kò yára, èyí nìkan lè gba àkókò ju kíkọ́ hello fúnra rẹ̀ lọ, ààyè á sì máa tán díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi ṣe nix-collect-garbage (garbage collector, tó ń kó ohun tí a kò lò mọ́ kúrò nínú store). Ohun mìíràn sì wà: nix build kì í rí fáìlì tí Git kò tíì mọ̀. Ẹ kọ pkgs/by-name/he/hello/package.nix tuntun, ẹ gbàgbé git add, Nix á ní kò sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti wá àṣìṣe yìí nínú kóòdù wọn fún wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ git add nìkan ló kù.

Gbogbo worktree tí ẹ ti kọ́ nǹkan nínú rẹ̀ ló ń fi result sílẹ̀. Ìsopọ̀ yẹn kì í jẹ́ kí garbage collector fọwọ́ kan ohun tó ń tọ́ka sí. Worktree mẹ́wàá tí ẹ gbàgbé, ohun mẹ́wàá pẹ̀lú gbogbo ohun tí wọ́n gbára lé ló ń jẹ ààyè nínú store. Bí ẹ bá ń dán nǹkan wò lásán, ẹ lo nix-build --no-out-link.

git status lè wúwo bí worktree bá ti pọ̀. Ẹ ṣe git config feature.manyFiles true lẹ́ẹ̀kan; config kan náà ni gbogbo wọn ń lò, ó kan gbogbo wọn.

Ibi tí a ti yọ máàkì

Stash ni olórí ẹ̀ṣẹ̀. Okùn ìsáṣọ kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo agbo ilé. Ohun tí ẹ stash nínú ../wt/staging, git stash list nínú ../wt/hello-tuntun náà á fi hàn. Bí ẹ bá ṣe git stash pop níbẹ̀, aṣọ ẹlòmíràn lẹ ká yẹn: àtúnṣe staging á tẹ́ sórí hello, bí kò bá sì sí ìkọlù, Git á yọ ọ́ kúrò nínú stash láìbèèrè. Ẹ má lo stash mọ́ rárá nínú irú ètò yìí. Ìdí tí ẹ fi ń stash tẹ́lẹ̀ ni pé fódà yín jẹ́ ẹyọ kan, ìyẹn sì ti tán. Bó bá di dandan, ẹ ṣe commit tí ẹ pè ní wip, kí ẹ fi git reset HEAD~1 tú u nígbà tí ẹ bá padà dé.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni remove. git worktree remove máa ń kọ̀ bí fáìlì tí ẹ yí padà tàbí fáìlì tuntun tí Git kò mọ̀ bá wà nínú rẹ̀, ìyẹn sì dára. Ṣùgbọ́n fáìlì tí .gitignore tàbí .git/info/exclude ti mú kúrò lójú kò sí nínú ìṣirò yẹn. Bí ẹ bá ti fi àkọsílẹ̀ tàbí fáìlì .envrc pamọ́ lọ́nà bẹ́ẹ̀, remove á pa á rẹ́ láìbèèrè. Ìta worktree ni kí irú wọn máa wà.

Ẹni tó bá fi mv ṣí worktree nípò dípò git worktree move ti já okùn tó so ó mọ́ .git. Kò tíì bàjẹ́: git worktree repair pẹ̀lú ọ̀nà fódà tuntun náà máa tún un so. Bó bá jẹ́ repo àkọ́kọ́ lẹ ṣí, inú rẹ̀ ni kí ẹ ti ṣe repair kan náà. Fún worktree tó wà lórí dísìkì àgbérìn, ẹ ṣe git worktree lock sí i. Bí Git bá wá a tì fún oṣù mẹ́ta, gc (ìgbálẹ̀ tí Git ń ṣe fúnra rẹ̀) lè ka àkọsílẹ̀ rẹ̀ sí ohun tó ti kú, kí ó gbá a dànù; lock ló ń dá a dúró.

Hooks náà jẹ́ ti gbogbo ilé, bí ẹ bá fi ọ̀kan sí i fún iṣẹ́ kan, ó ti wà lórí gbogbo iṣẹ́. Config tí ẹ fẹ́ fún worktree kan ṣoṣo ṣeé ṣe: ẹ tan extensions.worktreeConfig, kí ẹ lo git config --worktree. Ọ̀rọ̀ submodule, tí worktree kò tíì gbé dáadáa, kò kan nixpkgs.

Àwọn ọ̀nà mìíràn

cp -r gbogbo repo náà rọrùn láti lóye, ṣùgbọ́n GB mélòó kan ni fún ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì máa fetch nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. git clone láti fódà kan sí òmíràn lórí dísìkì kan náà sàn díẹ̀, torí hardlink ló ń lò fún àwọn object, ṣùgbọ́n fetch á ṣì pín sí méjì. git clone --shared àti --reference la kìlọ̀ fún yín gidigidi. Wọ́n ń yá object lọ́wọ́ repo àkọ́kọ́ láìsọ fún un. Bí ẹ bá pa ẹ̀ka kan rẹ́ níbẹ̀ tí gc sì gbá a, ẹ̀dà kejì ti bàjẹ́. Worktree kò ní àìsàn yìí, torí Git mọ gbogbo yàrá tó wà nínú ilé.

Àwọn kan fẹ́ràn kí repo àkọ́kọ́ jẹ́ bare (tí kò ní fáìlì iṣẹ́ tirẹ̀), kí gbogbo nǹkan wá jẹ́ worktree. Ó mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n git clone --bare kì í kọ ìlà fetch sínú config, ẹ̀ka upstream kò sì ní í yọ lábẹ́ refs/remotes. Ẹ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kọ remote.upstream.fetch fúnra yín. Fún nixpkgs, a kò rí èrè tó tó wàhálà yẹn.

Pípa ilé mọ́

Nígbà tí PR bá ti wọlé, inú repo àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti ṣe é:

git worktree remove ../wt/hello-tuntun
git branch -D hello-tuntun
nix-collect-garbage

Bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra yìí ló yẹ. Git kò ní í pa ẹ̀ka rẹ́ nígbà tí worktree kan ṣì dì í mú, garbage collector kò sì ní í kó ohun tí result ṣì ń tọ́ka sí. Ẹni tó bá ti fi rm -rf pa fódà náà rẹ́ tẹ́lẹ̀ kò tíì ṣe ohun tí kò ní àtúnṣe: git worktree prune ló máa nu orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé, branch -D á sì wá ṣiṣẹ́.

Kí ẹ tó pa ẹ̀ka náà rẹ́, ẹ wò ó bóyá àtúnṣe yẹn tún ní láti lọ sí release. Bí bọ́ọ̀tì kò bá lè gbé e lọ fúnra rẹ̀ torí ìkọlù, ẹ kọ́kọ́ ṣe git fetch upstream, kí ẹ wọ ../wt/release, kí ẹ ṣe git switch --no-track -c backport-hello upstream/release-25.05, kí ẹ sì fi git cherry-pick -x mú commit náà láti orí master. Ẹ má fi -x sílẹ̀: òun ló ń kọ nọ́ńbà commit àkọ́kọ́ sínú ọ̀rọ̀ commit tuntun, òun sì ni ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò yóò kọ́kọ́ wá. Bí ẹ bá ti push tán, git switch --detach upstream/release-25.05, kí yàrá àgbà padà sí bó ṣe wà.